Báwo ni àwọn baba wa ṣe dé Abẹ́òkúta? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn agboolé rẹ̀ sílẹ̀

Láti ìgbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mélòó kan ti ń wọ agboolé kan bọ́ sí òmíràn ní Abẹ́òkúta, tí à ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi wá lójoojúmọ́. Mo kó wọn jọ síbí. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kò gùn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni mo ṣe sọ ọ́.

Ìtàn Ẹ̀gbá ti wà nínú ìwé. Kí ló tún kù tí a fẹ́ kọ?

Ìtàn ogun àti ìtàn àwọn ọba ló wà nínú ìwé. Ọ̀nà tí baba ńlá yín gbà wá, ẹni tó gbé dání, ibi tó kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ sí, kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú kan tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré tó wá di ńlá. Ìlú púpọ̀ tí ogun tú ló kóra jọ sábẹ́ àpáta kan. Kémta, Ìjẹùn, Ìpòró, Ìgbẹ̀in, Ìtòkò, Ìtòkú, Ìkìjà, Ìlúgùn, gbogbo orúkọ tí ẹ fi ń júwe ilé fún ọlọ́kadà lónìí, ìlú gidi ni wọ́n nínú Igbó Ẹ̀gbá kí ogun tó dé. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ Olúmọ, wọn kò da ara wọn pọ̀. Kémta tẹ̀dó lọ́tọ̀, Ìjẹùn tẹ̀dó lọ́tọ̀, oníkálukú mú orúkọ ìlú rẹ̀, ògbóni rẹ̀ àti olórogun rẹ̀ dání. Ìdí nìyí tí ẹ óò fi sọ fún àgbà Ẹ̀gbá kan pé ọmọ Abẹ́òkúta ni yín, tí yóò sì tún bi yín pé, "Ìlú wo?" Kì í ṣe pé kò gbọ́ yín. Ẹ kò tíì dá a lóhùn ni.

Àwọn aládùúgbò wa máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Fún ẹni tó ń kọ ìtàn, òwe yẹn wúlò: ẹ má retí pé ẹnì kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ láàfin, lè sọ ìtàn gbogbo ìlú yìí fún yín.

Ṣé 1830 kọ́ ni gbogbo wa dé?

1830 ni ọdún tí Ṣódẹkẹ́, ọmọ Ìpòró, kó ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Ọjọ́ ìbí ìlú ni. Ẹ má sọ ọ́ di ọjọ́ tí gbogbo agboolé dé.

Ogun tó fọ́ Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1820 kò dúró sí Òwu. Àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé wọn yíjú sí Igbó Ẹ̀gbá, wọ́n sì ń fọ́ àwọn ìlú ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i: lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlú kan ti tú nígbà tí èkejì ṣì ń gbin iṣu. Nítorí náà, ọ̀nà táwọn èèyàn gbà sá kò lè jẹ́ ọ̀kan. Àwọn kan sá lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn ní ìlú tí ogun kò tíì dé, wọ́n sì tún sá kúrò níbẹ̀ nígbà tí ogun débẹ̀. Wọ́n kó àwọn kan lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ wọn bá ara wọn ní Ìbàdàn, tó jẹ́ ìlú Gbágùrá tẹ́lẹ̀ kí àwọn jagunjagun tó sọ ọ́ di ibùdó. Ẹ̀gbá gbé láàárín wọn níbẹ̀ títí ìjà fi sú wọn. Lámọ́dì, ọmọ Ìgbẹ̀in, ni ó yẹ kó kó wọn jáde. Kò fojú rí Abẹ́òkúta kó tó kú, Ṣódẹkẹ́ ló sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, nǹkan bí 1834, àwọn ará Òwu dé. Láti òpin àwọn ọdún 1830 làwọn Sàró, àwọn tí wọ́n ti gbà kúrò lóko ẹrú, ti ń tò dé láti Sierra Leone. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìjàyè ní 1862, àwọn ará Ìjàyè sá wọ Abẹ́òkúta, àdúgbò wọn ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn títí di òní. Bí àgbà yín bá sọ pé "àwa kò bá Ṣódẹkẹ́ dé," ẹ má ṣe rò pé ìtàn yín kò níye lórí. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni àwọn Ẹ̀gbá bá lábẹ́ Olúmọ?

Wọn kò bá igbó tó ṣófo. Orúkọ tó pẹ́ jù lẹ́nu àwọn àgbà ni ti Adágbà, àgbẹ̀ ará Ìtòkò tó ń dáko nítòsí àpáta náà, ìdí tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Oko Adágbà. Wọ́n tún máa ń dárúkọ àwọn ọdẹ tó ti ń sùn sínú ihò Olúmọ. Ìbarà náà ń bẹ, àwọn kì í sì í ṣe Ẹ̀gbá. Wọ́n ní Olúbarà tiwọn. Bí ilé yín bá wà ní Ìbarà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ìtàn yín bọ inú ti Ẹ̀gbá nítorí pé ìlú kan náà là ń gbé báyìí.

Níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ gan-an?

Lọ́dọ̀ àgbà tó dàgbà jù nínú ilé yín, lọ́la, kí òjò tó dé. Mo mọ̀ pé ìwé lẹ fẹ́ kọ́kọ́ kà. Ìwé kì í kú.

Ẹ má mú ìbéèrè ogún lọ́wọ́ lọ. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó sísàlẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun kan tó lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀: "Bàbá, ilé wo ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ nínú agboolé yìí?" "Ìyá, ta ni wọ́n sin síbí?" "Kí ló dé tí ojúde wa fi kọjú síbẹ̀ yẹn?" Ìbéèrè tó bá gbòòrò jù, irú bíi "ẹ sọ ìtàn ìdílé wa fún wa," yóò fún yín ní ìtàn Lísàbí. Ìtàn Lísàbí dùn o: bó ṣe fi ẹgbẹ́ àáró, tí wọ́n fi ń bá ara wọn roko, kó àwọn ọkùnrin jọ títí wọ́n fi dìde lọ́jọ́ kan pa àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tó ń gbowó òde lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ló mọ̀ ọ́n. Ohun tẹ́ ẹ wá gbọ́ ni èyí tí ẹlòmíràn kò mọ̀.

Lẹ́yìn àgbà ilé, ẹ lọ sí oko. Ní tèmi, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ilé Ẹ̀gbá ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan ní ìlú, ọ̀kan ní oko: ní Ọ̀dẹ̀dá, ní Ọbáfẹ́mi-Òwódé, lọ́nà Ìfọ̀. Bàbá tó ń gbé abúlé láti ọjọ́ pípẹ́ wá, tí kì í wá sí ìlú àfi ìgbà òkú àti ọdún, òun ló mọ ààlà, òun ló mọ igi tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí wọ́n sin òkú sí. Nígbà kan, oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń bi àwọn ará ilé kan ní ìlú léèrè orúkọ ìyá baba ńlá wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. A dé abúlé wọn, ọmọbìnrin kékeré kan ń jẹ́ orúkọ náà.

Kí ni "orílé" tí wọ́n máa ń fi síwájú orúkọ ìlú?

Orílé ni ibi tí ìlú wà tẹ́lẹ̀ kó tó tú. Orílé-Ìlúgùn wà lágbègbè Ọ̀dẹ̀dá, Orílé-Ìmọ̀ wà ní Ọbáfẹ́mi-Òwódé. Orílé-Òwu jìnnà sí wa, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló wà. Bí ẹ bá ya orílé wọ̀nyí sórí àwòrán ilẹ̀, ẹ óò rí i pé ìpín Ẹ̀gbá tá a ń kà bí ẹni ka oyè, ọ̀rọ̀ ibùgbé ni. Òkè-Ọnà ni àwọn tó ń gbé etí odò Ọnà. Gbágùrá ló wà lọ́wọ́ Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá Àgbẹ̀yìn, tí Aláké jẹ́ olórí wọn, ló sún mọ́ Rẹ́mọ. Èyí ló fà á tí ohùn, oúnjẹ àti òrìṣà agboolé kan fi lè jọ ti Ìjẹ̀bú, tí ti èkejì sì fà sọ́wọ́ Ọ̀yọ́.

Bí agbára bá wà, ẹ mú àgbà kan dání lọ sí orílé yín. Ẹ má dá lọ. Ẹ wo igi ńláńlá bí ìrókò àti àràbà, tàbí pèrègún tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí kì í hù bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹ wá àpáàdì nínú ilẹ̀, ẹ wo ibi tí yàrà ìlú gbà. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ fi fóònù gba ipò ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má sì hú ohunkóhun. Bàbá kan bá wa lọ sí orílé wọn, ó tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó ní òun kò débẹ̀ rí láyé òun. Ó dé ìdí igi kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibẹ̀ ni.

Àgbà méjì nínú ilé wa sọ ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èwo ni ká kọ?

Méjèèjì. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí i, ọjọ́ tó sọ ọ́, ibi tó wà nígbà tó ń sọ ọ́, àti ẹni tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má ṣe rán ìtàn pọ̀. Mo rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n mú ìtàn méjì, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀kan, wọ́n gé orí èkejì, wọ́n rán wọn pọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú èèpo aláràbarà fún ọdún ìrántí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí ti di ìtàn ilé.

Ìyàtọ̀ ìtàn gan-an ní ohun tó ń sọ. Bí ẹbí ìyàwó àgbà bá ní ojú ogun ni baba ńlá ti fẹ́ ìyàwó kejì, tí ẹbí ìyàwó kejì sì ní ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló ti tọrọ rẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Mo ti bá bàbá kan sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Níṣojú àbúrò rẹ̀, ó ní baba ńlá wọn nìkan ló dé. Nígbà tó ku èmi àtòun, ó ní arákùnrin méjì ni wọ́n, èyí èkejì ló sì ni ilẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́wọ́. Èmi kọ méjèèjì. Èkejì ṣì wà lábẹ́ àgádágodo títí di òní, nítorí bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Àwọn àgbà kò mọ ọdún. Báwo la ṣe máa mọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀?

Wọ́n mọ ìgbà. Ọdún tí a fi ń kà á ló yàtọ̀. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú nígbà yẹn. Ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Ìdáhọ̀mì (Dahomey, ní ilẹ̀ Benin òde òní) kọ́kọ́ dé odi Abẹ́òkúta, ọjọ́ kẹta oṣù Máàṣì, 1851 ni. Wọ́n tún padà wá ní 1864. Ìgbà Ìfọ́lé, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ìjọ jáde tí wọ́n sì fọ́ ilé wọn, 1867. Ìgbà tí Ẹ̀gbá ń ṣe ìjọba ara rẹ̀, tó ní akọ̀wé àti ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, 1898 sí 1914. Ogun Adúbí, tí Ẹ̀gbá bá ìjọba òyìnbó jà nítorí owó orí, 1918. Ìgbà tí àwọn obìnrin ṣọ̀tẹ̀ nítorí owó orí tí Aláké fi lọ gbé Òṣogbo, òpin àwọn ọdún 1940. Ní ti ohun tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, ẹ béèrè bóyá náírà ti dé: 1973.

Ẹ sì máa ṣírò ẹnu. Ká ní wọ́n bí bàbá kan ní 1945. Ìyá àgbà rẹ̀, tí wọ́n bí ní 1870, ń pàlọ́ fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá ìyá àgbà yẹn lè ti tó ẹni ogún ọdún nígbà tí Ìdáhọ̀mì dé odi ní 1851. Ẹnu méjì péré ló wà láàárín yín àti ogun yẹn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń sọ pé "ìtàn àtijọ́-tijọ́."

Ṣé oríkì ṣeé fi ṣe ẹ̀rí?

Ó ṣeé ṣe, bí ẹ kò bá fi í búra. Oríkì orílẹ̀ máa ń pa orúkọ odò, òkè àti ìlú mọ́, ohun tí ẹni tó ń kì í gan-an lè má mọ̀ mọ́. Ẹ gbà á sílẹ̀ bó ṣe jáde, títí kan ọ̀rọ̀ tí kò yé yín. Ẹ má tún un ṣe. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà lọ bi ẹni tó kì í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin ilé ló mọ̀ ọ́n jù, pàápàá àwọn ìyàwó tó ti pẹ́ nílé, nítorí àwọn ló ń fi í jí ọmọ àti ọkọ láràárọ̀. Síbẹ̀, ní ìpàdé ẹbí, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ẹ lọ bá wọn nínú ilé ìdáná.

Wọ́n ní ẹrú ni baba ńlá wa. Ṣé ká kọ ọ́?

Ìbéèrè yìí ló ṣòro jù, n kò sì fẹ́ fò ó.

Ó ṣòro láti rí agboolé tó ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta tí kò ní i nínú. Ogun ló kọ́ ìlú yìí. Ogun sì ń kó ẹrú. Àwọn Sàró tí à ń bọlá fún, ẹrú tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lórí òkun ni púpọ̀ wọn, kí wọ́n tó kàwé, kí wọ́n tó ṣòwò, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ ara wọn padà wálé. Samuel Ajayi Crowther, ọ̀kan nínú àwọn Sàró yìí, kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Òṣóògùn ni. Wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú ní 1821. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846 láti wá wàásù, níbí ló ti rí ìyá náà, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Mélòó ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀, tó wá láti Ìsẹ́yìn, láti Ìlọrin, láti apá ibi gbogbo, tó bímọ síbí tí ọmọ rẹ̀ kò sì ní Crowther tí yóò wá a kàn?

Ohun tí à ń ṣe nìyí. A kì í tẹ̀ ẹ́ jáde láìjẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ fúnra wọn, kì í ṣe àwọn ọmọ olówó rẹ̀, fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a kì í pa irọ́ rọ́pò rẹ̀. Bí wọn kò bá fẹ́ ká sọ ọ́, a óò kọ pé "baba wọn wá sílé yìí nígbà ogun," a ó sì dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí.

Kó máa bà yín. Ìtàn "ẹni tó kọ́kọ́ dé" nílùú yìí, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ ló jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí oyè kàn ló sì jẹ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé mọ ohun tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má ṣe jẹ́ akọ̀wé fún ẹ̀ka kan ṣoṣo. Bí ẹjọ́ bá ti wà ní kóòtù, ẹ gbé e tì ná. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ àtijọ́ wúlò púpọ̀, àmọ́ ẹ rántí pé ẹni tó ń rojọ́ fẹ́ jàre.

Kí la fi ń gba ohùn?

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má bàa gé e, ẹ gbé e sórí aṣọ, kì í ṣe sórí tábìlì tí wọ́n ń lù, kí ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dárúkọ ẹni náà, ìlú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti ọjọ́, kí òun náà sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà kí ẹ gba ohùn òun. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ dà á sórí kọ̀ǹpútà àti sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mò ń sọ yìí ti pàdánù wákàtí méjì ohùn ìyá kan nítorí mo ní "tó bá di ọ̀la." Fóònù bọ́ sómi ní Lafẹ́ńwá. Kí n tó padà lọ, ìyá ti lọ.

Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń kọ ọ́. Ìtòkò àti Ìtòkú, lẹ́tà kan ló yà wọ́n lójú ìwé, ìlú méjì ni wọ́n. Ẹni tó bá sì kọ "oko" láìsí àmì lè fi ẹbí yín sínú ọkọ̀.

Àwọn ìwé wo ló lè ràn wá lọ́wọ́?

Ìwé ìrìbọmi àti ìgbéyàwó ìjọ àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ láti Aké, tí ìjọ rẹ̀ ti wà láti àwọn ọdún 1840. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù, bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìwé ìjọba Ẹ̀gbá wà. Ọ̀rọ̀ ara ibojì. Rìsíìtì owó orí tí bàbá àgbà ká sínú Bíbélì. Ẹ wo inú àpótí kí wọ́n tó kó o dànù nígbà tí wọ́n bá ń tún ilé kùn.

Ògbóni àti Orò ńkọ́?

Ohun tí wọ́n bá ní ẹ má kọ, ẹ má kọ. Orúkọ oyè àti bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́ tẹ̀léra ti tó fún ìtàn ìtẹ̀dó.

Ṣé a máa ń sanwó fún àwọn àgbà?

Rárá o. Ẹ mú obì, búrẹ́dì tàbí ohun tí wọ́n ń jẹ lọ. Owó lè mú kí ìtàn gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tá a bá parí, ibo la ó kó o sí?

Ẹ̀dà mẹ́ta, ó kéré tán: ọ̀kan lọ́wọ́ olórí ẹbí, ọ̀kan ní abúlé, ọ̀kan ní ibi tí ẹ kò lè fọwọ́ kàn fúnra yín, bí ilé ìkàwé tàbí lọ́wọ́ ọmọ yín tó wà lókè òkun. Ẹ tẹ ọ̀kan sórí bébà pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kí ẹ sì gbé e lọ fún ẹni tó sọ ìtàn náà kó gbọ́ ọ. Ẹ kà á sókè fún un. Yóò dá yín dúró ní ojú ewé kejì pé, "Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí." Ẹ mú fóònù jáde lẹ́ẹ̀kan sí i.